Orúkọ Rẹ Ló Wà Lọ́rùn Ajá

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí mo bí kẹ́yìn tí mo fi pa ilẹ̀kùn dé,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo kí ọ káàsán, mo kí ọ káalẹ́, torí mi ò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa bá ọ, èyí tó bá bọ́ sí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó o mú. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ọ dé ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́. Àmín. Àwa méjèèjì tó wà nílé, a wà, a ń jẹun, a ń rẹ́rìn-ín. Eyín mi tó kù lápá ọ̀tún ti já, kò sí èyí tó máa dùn mí mọ́ níbẹ̀, mo dúpẹ́.

Ọmọ rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó da ojú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan dé, ó gbé ìwé lé e. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ ẹ̀ sì wúwo lórí bírò bí ẹni ń gbẹ́ ilẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i. Ó ní mò ń sáré jù. Mo ní ọwọ́ ẹ̀ ló ń falẹ̀. Ó ní kí n dúró ná. Mo dúró. Ó ní ó yá.

Àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpò ìwé yìí, ara ìwé ajá ni ọmọ rẹ ti wò ó kọ, ìwé tó o fún wa lọ́jọ́ tó o mú Májìnnà wá, torí ìyẹn nìkan la ní tí ibi tó ò ń gbé wà nínú ẹ̀. Awakọ̀ pákó ló máa mú un bọ̀, ẹni yẹn náà tó máa ń bá ọ gbé ẹrù wá fún wa nígbà tó o ṣì ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ó ní òun mọ àdúgbò náà, pé ìtòsí ibẹ̀ lòun máa ń já pákó sí, àmọ́ wọ́n ti wó ilé púpọ̀ níbẹ̀, òun ò sì rí ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní ilé tọmọ mi ò lè wà lára èyí tí wọ́n wó, ó wà nínú ìwé, òǹtẹ̀ sì wà lórí ẹ̀. Ó wo ojú mi títí, ó gba ìwé, ó ní kò burú.

Kí n tètè sọ ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé kí n tó gbàgbé. Nọ́ńbà rẹ tó wà lọ́rùn ajá ò lọ mọ́. A nílò èyí tó ń lọ, kíákíá, kì í ṣe torí ajá. Àlàyé ẹ̀ ń bọ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ tó o mú un wá? Inú páálí bàtà ló wà, kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. O ní ilé ìwòsàn ẹranko tó o ti ń gbálẹ̀ ni wọ́n ti fún ọ, pé dókítà ẹranko fúnra ẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan kan sábẹ́ awọ ọrùn ẹ̀, nǹkan bíi hóró ìrẹsì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí tí ajá náà máa fi kú. O mú ìka mi, o gbé e síbẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bíi kókó nínú ìyẹ̀fun. O ní níbikíbi tí ajá yìí bá sọnù sí láyé, tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ kan kọjá lórí ọrùn ẹ̀, wọ́n á rí orúkọ rẹ, wọ́n á rí nọ́ńbà rẹ, wọ́n á rí ilé tó ò ń gbé. O ní orúkọ tìrẹ lo fi sí i torí èmi ò ní fóònù. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Májìnnà. O rẹ́rìn-ín, o bi mí pé ṣé ajá ni mò ń bá wí àbí ìwọ. Mo ní ẹni tó bá gbọ́ kó dáhùn.

Láti ìgbà tó o ti padà, mi ò yọ ara mi lẹ́nu lórí fóònù oní-fóònù mọ́. Kápẹ́ńtà bá wa fi tiẹ̀ pè ọ́ nígbà mélòó kan, kò lọ, mo ní kó fi sílẹ̀, èmi ní tèmi nílé. Tí mo bá ti ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, màá pe Májìnnà, màá fi àtàǹpàkò ya irun ọrùn ẹ̀ sí méjì, màá fẹnu sún mọ́ ibi tí hóró yẹn wà, màá sọ ọ́. Ṣebí nọ́ńbà rẹ ló wà níbẹ̀? Fóònù náà ńkọ́, ṣé kì í ṣe nọ́ńbà ni wọ́n máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀? Ajá á dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń kán òògùn sí létí. Tó bá ti yán, màá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ọmọ rẹ ní olùkọ́ àwọn ní hóró yẹn ò létí, kò lẹ́nu, nọ́ńbà nìkan ló wà nínú ẹ̀, ńṣe ló máa ń sùn títí dìgbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Mo bi í pé olùkọ́ yẹn, ajá mélòó ló ní? Ó ní kò ní ajá. Mo ní ṣé o rí i.

Ọ̀rọ̀ orí mi ló kàn. Má fòyà, kò dùn mí. Ó kàn dà bíi pé wọ́n ń wá nǹkan yá nínú orí mi, wọn ò sì dá a padà. Lọ́jọ́ kan mo wá sálúbàtà mi títí, inú àgbá omi ni ọmọ rẹ ti rí i, a ti mu nínú omi náà láàárọ̀, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ mìíràn mo lọ ra iyọ̀, mo padà délé, mo bá ọkùnrin kan nínú pálọ̀ mi pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, mo pariwo lé e lórí, mo ní kó jáde, mo ní ta ló fún un láyè. Ilé onígbàjámọ̀ ni mo wà. Ó ń fá orí oníbàárà ẹ̀ lọ́wọ́. Apá kan orí ti dán, apá kejì ṣì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń wò mí. A rẹ́rìn-ín títí, èmi ni mo tiẹ̀ pẹ́ jù nínú ẹ̀rín náà, torí mi ò tíì mọ ọ̀nà tí màá gbà délé nígbà tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán. Mo sì máa ń fi orúkọ rẹ pe ọmọ rẹ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ní kì í ṣe òun. Ní báyìí ó kàn máa ń jẹ́ ẹ.

Májìnnà ló ń bá mi bò ó. Mo so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, mo so ìdí okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, tí mo bá ti ra ohun tí mo fẹ́ rà, màá ní ó yá, ilé. Á yíjú padà, á máa fà mí lọ, a ó gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, a ó kọjá níwájú ilé ìwé, a ó yà lọ́dọ̀ aránbàtà, ó di ẹnu ọ̀nà wa. Kò ṣìnà rí. Àwọn aládùúgbò máa ń ní màmá, ẹ kú ìmúrìn ajá o. Màá ní ẹ ṣeun. Wọn ò mọ ẹni tó ń mú ẹni rìn.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ajá dìgbòlugi ti gé ọmọ ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù jẹ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ọmọ náà ò yè é, ni kánsù bá rán mọ́tò jáde pé kí wọ́n kó gbogbo ajá tó ń rìn kiri. Mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà aránbàtà, ó ń bá mi rán okùn sálúbàtà tó já, okùn Májìnnà wà lọ́wọ́ mi. Mọ́tò dúró. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tó dé ìgbúnwọ́. Wọ́n fọ̀wọ̀ bi mí o, wọ́n ní màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ajá yìí? Ká ní mo ní èmi ni mo ni ín, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá tán sí. Aránbàtà sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ó ní èyí tí ẹni tó ni ín bá ti dì mú lọ́wọ́, ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń ṣe. Àmọ́ ìwé wà, òǹtẹ̀ wà, èmi ò lè máa purọ́ fún ìjọba lójú ọ̀sán. Mo nàró, mo ní kì í ṣe tèmi, ọmọ mi tó wà nílùú ńlá ló ni ín, orúkọ ẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá kẹ́ ẹ wò ó.

Wọ́n gbé e wá. Ó ké fíì. Ọ̀kan nínú wọn wo ojú ẹ̀rọ, ó ní lóòótọ́ ni, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn máa mú un lọ sí ọgbà kánsù, àwọn á pe ẹni tó ni ín, ẹni náà fúnra ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé kí ajá tó jáde, ẹnì kan ò lè bá ẹlòmíràn fọwọ́ sí i.

Ìwọ náà wo bí inú mi ṣe dùn tó! Kó wá fúnra ẹ̀! Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá ohun tó máa gbé ọ wálé. Mo ti ní òrùlé ń jò, o ò wá. Mo ti ní ọmọ rẹ ń bèèrè rẹ, o ò wá. Kánsù wá fẹ́ bá mi fi òfin gbé ọ wá. Mo tú okùn lọ́wọ́ mi, mo kó o fún wọn. Màá sọ òótọ́ fún ọ, ọmọ mi, wọn ò fipá gbà á. Èmi ni mo gbé e sínú mọ́tò. Kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kọ́ etí mọ́tò, ó ń wò mí. Èmi ni mo tú èékánná ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sì fẹnu sún mọ́ ọrùn ẹ̀, mo ní ó yá o, máa bọ̀.

Aránbàtà ló mú mi délé. Nígbà tí ọmọ rẹ ti ilé ìwé dé, ó bèèrè ajá, mo sọ fún un, ó bú sẹ́kún, ó ní ká lọ gbà á kíá. Mo ní kó fara balẹ̀, ìyá ẹ̀ ti gbọ́, ó ti wà lọ́nà. Mo gbé mátíréèsì síta kí oòrùn lù ú. Mo gbá yàrá rẹ, mo kó àwọn àpò tí mo kó síbẹ̀ kúrò. Mo lọ yá ife tí kò sán lọ́wọ́ télọ̀ ọ̀kánkán wa. Bí mọ́tò bá ti dún lójú títì, màá ní kí ọmọ rẹ lọ wò ó. Lọ́jọ́ kẹta ó ní ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo ní tá a bá lọ, tó o bá wá dé ńkọ́, ta lo máa bá nílé? Lọ́jọ́ karùn-ún kò gbọ́ tèmi mọ́, ó gba ilé ìwé yà síbẹ̀ láìsọ fún mi. Wọ́n ní ọmọdé ò lè fọwọ́ sí i, kó mú àgbà wá. Ó ní Májìnnà rí òun láàárín wáyà, ó ń gbọn ìrù. Mo ní ṣé o rí i pé ara ẹ̀ le, àgbà tí wọ́n ń wí ti wà lọ́nà. Mo tún mátíréèsì gbé síta.

Lọ́jọ́ kẹjọ ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ní bí mi ò bá tẹ̀ lé òun, òun ò ní lọ sílé ìwé mọ́. Mo tẹ̀ lé e.

Ọgbà kánsù ò jìnnà. Iyàrá gbọọrọ kan ni, wọ́n da òògùn apakòkòrò sílẹ̀ títí ó fi ń ta ojú. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó wọ bàtà òjò aláwọ̀ ìyeyè, ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ní ìyá nílé. Àwọn èèyàn tò, kálukú wá gba tiẹ̀. Nígbà tó kàn wá, mo kí i, mo ní a wá wo ajá ọmọ mi, bóyá òun náà ti dé, bóyá a kàn ṣì ara wa lọ́nà ni. Ó ṣí ìwé ńlá kan. Ó fi ìka wá a. Ìka ẹ̀ dúró. Ó pa ìwé náà dé, ó tún un ṣí. Ó ní màmá, ọjọ́ méje lòfin wí. Ó ní àná ló pé méje. Ó ní wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́.

Mo ní abẹ́rẹ́ wo, ṣebí wọ́n ti fún un nígbà tó wà ní kékeré.

Ọmọ rẹ ló sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ti dáwọ́ kíkọ dúró báyìí, jẹ́ kó nu ojú.

Ó ti nù ún. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe pé àwọn ò gbìyànjú. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ, ọmọ rẹ sì kà á sókè. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, wọ́n sì fi léèdì fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ìpè kan. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ orúkọ rẹ léraléra bẹ́ẹ̀ níbi táwọn èèyàn wà. Ó ní obìnrin kan ló ń dá àwọn lóhùn ní gbogbo ìgbà pé nọ́ńbà yìí ò sí. Mo ní dúró, obìnrin wo? Báwo lohùn ẹ̀ ṣe rí? Ó ní ẹ̀rọ ni, màmá. Mo ní kó bá mi pè é. Kò fẹ́, àmọ́ ó pè é, ó gbé fóònù sí mi létí. Mo gbọ́ ọ. Ohùn tútù, ohùn ẹni tó ti jẹun. Kò jọ tìrẹ, àmọ́ ó ti pẹ́, ohùn sì lè yí padà nílùú ńlá. Mo kí i. Mo ní ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà, ìyá rẹ ni. Ó sọ tiẹ̀ tán, kò dúró gbọ́ tèmi, ó pa á. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, mi ò bínú, mo mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ kéèyàn máa tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́. Tí kì í bá ṣe ìwọ, bá mi kí obìnrin náà, kó o sì sọ fún un pé nọ́ńbà yẹn wà, ọmọ mi ló ni ín.

Mo bèèrè ibi tí wọ́n sin ajá sí. Ó ní wọn kì í sin wọ́n, iná ni wọ́n fi máa ń sun wọ́n. Mo ní hóró ọrùn ẹ̀ ńkọ́? Ó ní ó bá a lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kó síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta! Ó mú okùn Májìnnà jáde lábẹ́ tábìlì, ó ká a dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì. Ó ṣe bíi páálí ọṣẹ tó ní ìdìmú. Mo ní kó bá mi gbé e kọjá lórí ọrùn mi. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò ṣeré o. Mo tú ìborùn mi, mo tẹrí ba, mo ní ìgbà míì wà tí mi ò mọ ilé mi, ẹni tó sì máa ń mú mi lọ síbẹ̀ lẹ sun níná yẹn, tí wọ́n bá rí mi lójú títì, ta ni wọ́n á pè? Ọkùnrin náà mú ẹ̀rọ. Ó gbé e kọjá. Kò ké. Mo ní kó wo apá òsì. Ó wò ó. Kò ké. Mo ní kó wo ti ọmọ yìí náà. Ojú ń ti ọmọ rẹ, àmọ́ ó ká irun ẹ̀ sókè, ó tẹrí ba. Kò ké. Mo ní kó wá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wa lọ́rùn. Ó ní ti ẹranko ni, èèyàn ní ẹnu tó lè fi sọ ẹni tó ni òun. Mo ní tí ẹnu bá gbàgbé ńkọ́? Ó ní ẹni tó kàn.

Nígbà tá a jáde, mo dúró níta, mi ò mọ ọwọ́ tí mo máa kọjú sí. Ọmọ rẹ gba okùn lọ́wọ́ mi, ó so ìdí kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó so ìdí kejì mọ́ tiẹ̀. Ó ní ó yá, ilé.

Torí pé hóró náà ti jóná, mo ní kí n tún àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ọ, èyí tí mo bá rántí. Mi ò mọ èyí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀. Òrùlé ibi ìdáná ń jò, kápẹ́ńtà ti fi páànù lé e. Ọmọ rẹ ṣe ipò kejì nínú kíláàsì ẹ̀. Ibà kan ṣe é, ó ti lọ. Àga rẹ tó fi ẹsẹ̀ kan yarọ, a ti fi dáná. Bàbá rẹ ti kú.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó gbé e.

Bàbá rẹ ti kú. Ó ti lé ní ọdún kan. Ikọ́ yẹn náà ni, ó ní kò tó nǹkan, ó ní kí n má tíì sọ fún ọ, mo sì sọ fún ọ lẹ́yìn ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kí n tó sọ fún aládùúgbò kankan, ọ̀dọ̀ Májìnnà ni mo kọ́kọ́ lọ, mo kúnlẹ̀ tì í, mo sọ ọ́ sí ọ létí, ajá náà ò yán lọ́jọ́ yẹn. A dúró dè ọ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kápẹ́ńtà mú òòlù àti ìṣó dání, mo ní kó má tíì kan ìdérí pósí, ó dúró títí apá fi ro ó. Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé irú ọmọ wo ni kì í wá sin bàbá ẹ̀. Mo bá wọn jà. Mo ní o ti gbọ́, mo ní ohun tó mú ọ lọ́wọ́ ló le. Láti ọjọ́ tá a ti ti ọgbà kánsù dé ni mo ti ń rò ó pé bóyá o ò gbọ́. Tó bá jẹ́ pé inú ìwé yìí lo ti ń gbọ́ ọ, jọ̀ọ́, wá nǹkan jókòó lé. Kò jìyà. Ó bèèrè rẹ, mo ní ò ń bọ̀, ó ní ṣé ajá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń di irun ọmọ rẹ, ó bi mí bóyá o ṣì wà láyé. Mo fi òòyà gbá a lórí. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀, mo ní kó kọ ọ́, kó o lè wá bá a wí fúnra rẹ.

Mo mọ̀ pé ibi tí ìyá ti máa ń bèèrè owó la dé yìí. Owó tó o bá ní, fi ra káàdì sínú fóònù rẹ, kó o má pa á. Nọ́ńbà ni mò ń bèèrè. Kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé, fún awakọ̀ pákó. Tí o ò bá ní nọ́ńbà, fi ara rẹ ránṣẹ́, ìyẹn ò gba káàdì. Bàtà tó o rà fún ọmọ rẹ nígbà yẹn ti há a, ó ń tẹ gìgísẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ojú ìwé kejì, mo fi bírò yí i po fúnra mi, wàá rí i níbẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀, torí náà ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ tó o fi sílẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ọlọ́run á bá mi pa ọ́ mọ́. Ibi tó o bá wà, wọn á mọ orúkọ rẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá pè ọ́, wàá gbọ́. Ẹni tó ò ń wá, wàá bá a nílé. Ilé rẹ ò ní di ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé. Àmín, àmín, àṣẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo fẹ́ gbàgbé. Télọ̀ ọ̀kánkán ti fi òwú pupa kọ orúkọ rẹ sí inú ọrùn ẹ̀wù mi, lẹ́yìn, níbi tí hóró ajá máa ń wà, pé ìyá rẹ ni mí. Ó kọ ọ́ sí ọrùn aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ náà, pé ìwọ lo bí i. Ó fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ nínú méjèèjì. Ó ní kí òun gé òwú náà ná, tí nọ́ńbà bá dé òun á tún un fi bọ abẹ́rẹ́. Mo ní kó má gé e, o ò ní pẹ́. Ó gé ti ọmọ rẹ, kó má baà gún un níbi tó bá ti ń ṣeré. Abẹ́rẹ́ tèmi ṣì wà lára ẹ̀wù, ó máa ń gún mi lọ́rùn tí mo bá yíjú wo ọ̀nà.